Gíláàsì Tó Kú ní Kànga Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún, 2025

Alhamdulillah! Gíláàsì mẹ́rìnlélógún ló jáde nínú ààrò lónìí, ẹyọ kan péré ló sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, mo sì ṣépè fún àwọn tó mú un lọ, mi ò mọ orúkọ wọn ni. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì elésè àlùkò sí àwọn gíláàsì náà, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ayédèrú owó mọ̀, gbogbo wọn tàn yòò bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èyí tí mo fi bàbà ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sí ló tàn jù. Bàbà nínú síńkì ọ́ksáìdì tí mo fi kun ojú gíláàsì, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí. Bí kò bá tó, ọbẹ̀ á tẹ́. Bó bá pọ̀ jù, ẹni tó sè é nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ìwọ̀n yìí. Bí èèyàn bá fi ojú lásán wo gíláàsì náà, kò ní rí ju pé ó dà bíi pé ẹnì kan mí sí i lára. Èémí yẹn ni iṣẹ́ mi. Òpó síńkì tín-ín-tìn-ìn-tín ni, wọ́n hù jọ sójú gíláàsì bíi koríko, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò nípọn tó irun orí kan. Bí oró inú ẹ̀gẹ́ bá kàn wọ́n, ìmọ́lẹ̀ wọn á kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láoyè, ọ̀gá mi, gbé ọ̀kan sókè, wọ́n wò ó títí. "Omi láàbù ti tó, Kifayah. Lọ wá omi tí èèyàn ń mu."

Àkékúrú iṣẹ́ wa fún àpérò gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí tó kọjá. Kí ni mo tún ń wá kiri? Kànga ìsàlẹ̀ wà nílé wa ní Abà Ládèjo, lẹ́yìn Lálúpọn, ẹbu gàrí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbágbáágbá.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Mo pe Màámi lórí fóònù.

"Màámi, mò ń bọ̀ nílé ní Sátidé o. Mo fẹ́ gba omi kànga ìsàlẹ̀ fún iṣẹ́ fásitì."

"Omi kànga wa? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Ṣé ọ̀gá rẹ á bá ọ wá?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ó dáa." Ni wọ́n bá já fóònù. Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, aṣọ mi ò gbẹ.

Sátidé, 17 oṣù Karùn-ún

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè wá, àwọn àna wọn dé. Èmi nìkan ni mo lọ, ọkọ̀ títí dé Lálúpọn, ọ̀kadà látibẹ̀ wọlé. Wọ́n ti fi kún owó ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ní ọ̀nà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ò dáa rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ìyá Zubaidah ló kọ́kọ́ rí mi. Hasanat lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò pè é? Àwọn ni olórí àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń yan gàrí ní ẹbu ìsàlẹ̀. "Dókítà wa ti dé o! Dókítà tí kì í fúnni lábẹ́rẹ́!" Wọ́n bu gàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe láti kékeré mi. Wọ́n ti rù. Láti oṣù Kejì tí wọ́n ti sin Ishaq, ọmọ-ọmọ wọn, ni wọ́n ti ń rù. Zubaidah, ọmọ wọn obìnrin, ló gbé ọmọ náà wá láti Mọníyà kí ìyá àgbà bá a já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀sẹ̀ kejì ni gìrì gbé e. Ibà ni wọ́n kọ sínú ìwé ní ilé ìwòsàn.

Omi kànga náà mọ́ gaara. Ó yà mí lẹ́nu nínú òjò yìí, ṣùgbọ́n mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ri gíláàsì mẹ́ta sínú rẹ̀, mo gbé wọn sínú páálí dúdú, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pátápátá. Mo lọ sí kànga mọ́sálásí ní òkè, mo ri méjì síbẹ̀. Àwọn yẹn ń tàn gan-an bíi pé mi ò ri wọ́n síbì kankan.

Nǹkan méjì ló yẹ kí n ṣe tí mi ò ṣe. Èkíní, ìwé pélébé tí a fi ń mọ̀ bí omi bá kan: mo gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì láàbù. Èkejì, ó yẹ kí n fi omi tí a sè gba orí ẹ̀rọ, tí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú mọ́, ṣan gíláàsì náà, kí n tún un wò. Bó bá jẹ́ oró ẹ̀gẹ́ ló pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kó jí díẹ̀ díẹ̀. Mi ò ṣe é. Òjò ti ń ṣú, ọlọ́kadà ti ń fun fèrè. Kì í ṣe ìyẹn náà. Inú mi dùn ni. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi. Inú mi dùn pé oró wà nínú omi tí àwọn èèyàn mi ń mu.

Mo sọ fún Màámi. Màámi figbe ta. Kí n tó wí báyìí, Baálẹ̀ Ọládòṣù ti dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ṣé o ní omi ẹ̀gẹ́ láti ẹbu ló ń jò wọ inú kànga?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún

Màámi pè. Baálẹ̀ ti ti ẹbu pa láti àárọ̀, wọ́n yọ ọwọ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́, wọ́n gbé e lọ sílé wọn. Ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù méjì wà nílẹ̀ tí wọ́n ti bẹ. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bẹ kì í dúró dé ọ̀tunla.

"Ṣé wọ́n jà?"

"Ta ni yóò bá ọ jà? Ìyá Zubaidah kàn dojú abọ́ kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e ni."

Mo ní wọn ì bá jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ti inú láàbù jáde dé ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń wá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Fẹ́mi, tí a jọ ń lo tábìlì kan, ní kí n ra mínírà fún gbogbo wọn. Mo rà á. Mínírà kò dùn lẹ́nu mi, mo ní bóyá kò tutù tó.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Karùn-ún

A ti fi àkékúrú iṣẹ́ wa ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Mo fi gíláàsì tí mo rì sí kànga sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kí n lè fi àwòrán rẹ̀ kún ìwé wa. Ibì kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ tí síńkì ọ́ksáìdì máa ń gbé mì: bí o bá fi bàbà sí i, bí o kò fi sí i, á gbé e mì dandan, bí òkúta tí omi kò lè kọjá lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Kò gbé nǹkan kan mì. Ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá lọ. Mo nu ẹ̀rọ, mo tún un ṣe. Mo mú gíláàsì kejì, ìkẹta. Gíláàsì lásán ni gbogbo wọn. Àwọn òpó náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Oró ẹ̀gẹ́ a máa pa ìmọ́lẹ̀. Kì í jẹ òpó. Ohun kíkan ló ń jẹ síńkì ọ́ksáìdì. Ibo ni ohun kíkan ti wọ inú kànga?

Mo ti ẹ̀rọ pa.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Karùn-ún

Mo pe Màámi nílé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ bi wọ́n nípa ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n, mo bi wọ́n nípa àwọn adìyẹ, mo ń lọ yíká bí ẹni tó fẹ́ yá owó.

"Màámi, kí n tó wá lọ́jọ́ náà, ṣé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sínú kànga ìsàlẹ̀?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ohunkóhun."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Álọ́ọ̀mù tí mo fi mú kí omi tòrò ni o ń bi mí. Ṣebí o ní ọ̀gá rẹ ń bọ̀! Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò ọjọ́ náà. Mo ní kí á má lọ fi omi ẹlẹ́rẹ̀ kí wọn káàbọ̀. Ẹyọ méjì ńlá ni mo so mọ́ okùn, mo fi po omi náà láti ìdájí. Ọjọ́ kejì, omi ti mọ́ kedere. Àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, Màámi."

"Ó mọ́ àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́ gan-an."

Mo já fóònù. Ohun kíkan ni álọ́ọ̀mù. Mo ra álọ́ọ̀mù igba náírà lọ́dọ̀ ìyá aláta ní iwájú géètì, mo yọ́ ọ nínú omi, mo ri gíláàsì tuntun sí i. Kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, ó ti kú. Mo fi omi tí a sè gba orí ẹ̀rọ ṣàn án. Kò jí.

Ìfẹ́ tí ìyá mi fẹ́ mi ni mo fi dá Ìyá Zubaidah lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Màámi kọ́ ló jẹ̀bi o. Álọ́ọ̀mù ò jẹ̀bi. Ta ló ní kí n má mú ìwé pélébé lọ? Ta ló ní ó dá òun lójú?

Ọjọ́ Jímọ̀, 30 oṣù Karùn-ún

Nọ́ńbà Baálẹ̀ wà lórí fóònù mi, mo ń wò ó, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n tún àdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó lè dá mi lójú. Háà! Ẹni tí ó dá lójú lẹ́ẹ̀kan, tó fi ti ẹbu pa, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló fẹ́ kó dá òun lójú kó tó ṣí i.

Màámi ní àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń lọ bẹ̀gẹ́ ní ẹbu ẹlòmíràn ní Lálúpọn. Ìyá Zubaidah náà, ní ọjọ́ orí wọn, lórí ìjókòó ẹlòmíràn.

Àpérò náà yóò dáhùn ní oṣù Keje. Mi ò tíì sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kú. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 oṣù Kẹfà. Iléyá

Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé tí mo bá délé fún ọdún, màá sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yídì dé. Ojú gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, ẹran ń ta sánsán, àwọn ọmọ wọ aṣọ tuntun. Mo ní kí wọ́n jẹun tán. Wọ́n jẹun tán, mo ní kí àlejò lọ tán.

Ìyá Zubaidah wá kí Màámi kú ọdún. Wọn ò gbé ẹran kankan wá lọ́dún yìí, ọwọ́ wọn lásán ni. Wọ́n pe Màámi lórúkọ, wọ́n ní, "Mùjíbátù, fún mi lọ́mọ rẹ díẹ̀," wọ́n sì fà mí lọ sí ìdí ọsàn.

"Kifayah, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ ń dúpẹ́ kí ni, Ìyá?"

"Láti oṣù Kejì ni mo ti ń bi Ọlọ́run pé kí ló pa Ishaq lọ́wọ́ mi. Kò dáhùn. Ìwọ lo bá mi dáhùn. Omi yẹn ni mo fi ń po ògì rẹ̀, omi yẹn ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi da omi ẹ̀gẹ́ sí i."

Mo la ẹnu. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí Mọníyà, mo lọ bá Zubaidah ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Orúnkún mi méjèèjì, lójú àwọn tó wá rán aṣọ. Mo ní, Zubaidah, dárí jì mí, èmi ni mo pa ọmọ rẹ."

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá ń kúnlẹ̀ nítorí ọmọ, ọjọ́ tó ń rọbí rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni gbogbo wa fi ń bẹ Ọlọ́run. Ta ló gbọ́ pé ìyá tún kúnlẹ̀ fún ọmọ?

"Kí ni Zubaidah wí?"

"Ó wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn." Wọ́n fi ìdí ìborùn nu ojú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí èèyàn mọ̀. Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ."

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún mi, èmi sì ń ṣe àmín.

Sátidé, 7 oṣù Kẹfà

Mo sá. Mo sọ fún Màámi pé wọ́n ń wá mi ní láàbù. Ọjọ́ kejì Iléyá, ta ló ń wá ẹnikẹ́ni ní láàbù? Màámi di ẹran sí mi nínú ọ̀rá dúdú. Ẹran náà wà nínú fíríìjì Fẹ́mi, mi ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́, mo lè máa sọ fún ara mi pé ẹ̀gẹ́ mìíràn á jáde lóko. Ìyá kan gbà báyìí pé òun pa ọmọ-ọmọ òun, ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́ kò ju èmi lọ. Astagfirullah. Astagfirullah. Mo wí i títí ẹnu mi gbẹ, kò sì ṣí ẹbu, kò ṣí ilẹ̀kùn Zubaidah.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Láoyè. Mo gbé gíláàsì mẹ́tàlá síwájú wọn, mẹ́ta ti kànga, mẹ́wàá ti álọ́ọ̀mù. Mo ṣàlàyé láti orí dé ìdí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, sà."

"Ọjọ́ méjìlá." Wọ́n tún awò wọ̀. "Mi ò bínú pé o ṣàṣìṣe. Èmi náà ni mo ń tì ọ́ kí o tètè ṣe tán, mo pín nínú ẹ̀bi náà. Ohun tí mò ń bínú sí ni ọjọ́ méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ní ti gíláàsì, kò burú. A ti mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ bò ó lójú kí ohun kíkan má baà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọdún kan nìyẹn. Ní ti àwọn èèyàn rẹ, láàbù ò lè bá ọ ṣe é."

A jọ kọ lẹ́tà sí àpérò náà pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ wa kúrò. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí mo mọ̀ pé èyí tó le wà níwájú.

Sátidé, 14 oṣù Kẹfà

Mo mú ohun gbogbo lọ lọ́tẹ̀ yìí: ìwé pélébé, omi tí a sè gba orí ẹ̀rọ lítà márùn-ún, gíláàsì méjìlá. Mo dé Abà Ládèjo láàárọ̀ kùtù, mo lọ tààrà sí kànga kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lẹ́yìn álọ́ọ̀mù Màámi, omi ti padà pọ́n. Ìwé pélébé ní kò kan. Mo ri gíláàsì sí i: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mo ṣàn án, ó jí padà. Èyí já sí pé oró ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ tí kò tó nǹkan, kò tó èyí tí yóò ṣe ọmọ ọdún méjì ní jàǹbá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo lọ bá Baálẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Zubaidah, mo sì lọ mú Màámi wá. Gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo sọ ọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe é. Mo ní iṣẹ́ mi ló ṣìnà, mo ní álọ́ọ̀mù ló jẹ ojú gíláàsì mi, kì í ṣe omi ẹ̀gẹ́. Mo ní èmi ni mo kọ̀ láti wò ó dáadáa, tí mo sì ní ó dá mi lójú.

Màámi lanu. "Álọ́ọ̀mù mi?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Màámi."

"Álọ́ọ̀mù tí mo fi tọ́jú omi nítorí rẹ?" Wọ́n yí ojú sí Ìyá Zubaidah, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu.

Baálẹ̀ gún ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Orí yéye ní mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Èmi ni mo ti ẹbu. Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ wa ni, ó kàwé, mo gbà á gbọ́." Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ jáàkì jáde, wọ́n fi lé Ìyá Zubaidah lẹ́sẹ̀.

Ìyá Zubaidah kò wo ọwọ́ jáàkì. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ishaq ńkọ́? Kí ló pa á?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Iṣẹ́ mi ò lè sọ ohun tó wà nínú omi ní oṣù Kejì. Ibà ni ilé ìwòsàn kọ, ìwé yẹn ló yẹ kí n jẹ́ kí ẹ gbà gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò rí nǹkan kan tó lè mú kí n sọ pé ẹ̀yin ni. Mi ò rí i lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí i lónìí."

Ewúrẹ́ kan gba àárín wa kọjá.

"Lọ sọ fún Zubaidah," ni wọ́n wí. "Èmi ò ní bá ọ lọ. Mo ti sọ tèmi."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Mo gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹfà

Ara mi ò yá. Mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹfà

Mọníyà. Ṣọ́ọ̀bù Zubaidah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ti ń kó èrò, ariwo kì í tán níbẹ̀. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé. Kò dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí mo wọlé. A jọ lọ sí ilé kéwú, òun ló máa ń pọ̀n mí kọjá odò nígbà òjò.

Mo sọ fún un. Ìgbà tí mo dé orí álọ́ọ̀mù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Nítorí náà kì í ṣe omi."

"Mi ò rí ohun tí màá fi sọ pé omi ni."

"Kifayah, má fi èdè fásitì dá mi lóhùn. Ṣé ìyá mi ló pa ọmọ mi?"

"Rárá."

Ó gbé aṣọ tó ń rán, ó bo ojú. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi ò gbé e. Nígbà tó ṣí ojú, ó ti gbẹ.

"Ọjọ́ wo gan-an lo mọ̀?"

Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè. Láti ọjọ́ Iléyá ni mo ti ka àwọn ọjọ́ náà lábẹ́ igi ọsàn, tí mi ò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé yìí.

"Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún."

Zubaidah ń ka á lórí ìka, bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé kéwú. "Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ni wọ́n wá síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ti mọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní o pè wọ́n lórí fóònù. Fóònù lásán. Ìyá mi ì bá má kúnlẹ̀ fún mi. Èmi ì bá má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn." Kò pariwo. Ì bá pariwo. "Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí bí mo ṣe lè rí wọn tí mi ò ní rí i."

Mo ní mo mọ̀. Ó ní n kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ.

Oníbàárà kan wọlé, ó ní ṣé aṣọ òun ti ṣe tán. Zubaidah dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó bá a wọn apá. Ìgbà tí obìnrin náà lọ, ó ní, "Sátidé ni màá lọ sílé. Pàdé mi ní Lálúpọn. Iwájú mi ni kí o ti tún un sọ."

Sátidé, 21 oṣù Kẹfà

Èmi àti Zubaidah jọ gun ọ̀kadà kan láti Lálúpọn. Òjò wínníwínní ń rọ̀.

Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹbu. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò tuntun fún omi ẹ̀gẹ́, ó jìnnà sí kànga, Baálẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, Màámi náà wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ Màámi kì í bẹ̀gẹ́. Ìyá Zubaidah rí ọmọ wọn láti òkèèrè. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn.

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú Zubaidah, bó ti ní kí n ṣe. Mo fi ọjọ́ márùn-ún náà sí i, èyí tí mi ò sọ lọ́jọ́ Baálẹ̀. Àwọn obìnrin náà fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan pòṣé. Ìyá Zubaidah ò gbójú sókè.

Zubaidah kúnlẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gẹ́ àti ẹrẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀. Ó gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Dìde, aṣọ rẹ." Kò dìde. Wọ́n tún ní, "Zubaidah, dìde," ohùn wọn já. Àwọn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀, Màámi mi sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Lẹ́yìn ìgbà náà Zubaidah nu orúnkún, ó mú ọ̀bẹ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó má bẹ ẹ́ nípọn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Àwọn tó kù náà mú ọ̀bẹ wọn. Ẹnì kan bi í léèrè bí ọjà ṣe rí ní Mọníyà, ó ní aṣọ ti wọ́n.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi lọ́rùn. Wọ́n bẹ òkìtì náà dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó lé mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó, mi ò sì jókòó.